Makola sí Kumasi: Bí ọkọ̀ ojú irin Accra ṣe di ohun tí ọjà ń bò mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá jáde ní ọjà Makola, tó kọrí sí apá Tudu, kò ní í rìn jìnnà kó tó kan ibùdó ọkọ̀ ojú irin Accra. Àmọ́ ìsọ̀ àti àtẹ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ rélùwéè ni ọjà Kantamanto, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìrìkà, wà.

Ojú irin tóóró ni: 1,067 mìlímítà péré ló wà láàárín irin méjèèjì, bíi ti àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ìlú Sekondi ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ lọ́dún 1898, torí góòlù Tarkwa àti Obuasi. Ó dé Kumasi ní 1903. Ti Accra ní tiẹ̀, kòkó ló fà á, 1923 ló sì tó dé Kumasi. Ká sọ òótọ́, wọn ò tẹ́ ẹ torí èrò. Èrò kàn bá ẹrù wọ̀ ọ́ ni.

Síbẹ̀, èrò náà pọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì láti Nsawam àti ẹni tó ń lọ ra ọjà ní Accra, gbogbo wọn ló jàǹfààní rẹ̀.

Lọ́ọ̀rì ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́ọ̀rì lè wọ abúlé lọ gbé kòkó, kó sì já ẹrù sí ẹnu ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká ìjọba amúnisìn lára débi pé ní 1936, wọ́n ṣòfin tó dá lọ́ọ̀rì lẹ́kun kíkó àwọn ẹrù kan ní àwọn ọ̀nà kan, kí rélùwéè má bàa kú. Òfin ò lè ṣe é títí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Ghana dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, owó àtúnṣe ò sí mọ́. Igi abẹ́ irin jẹrà, ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín, èrò sì bá tro-tro lọ.

Nínú nǹkan bíi 947 kìlómítà tí wọ́n tẹ́, díẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Máńgáníìsì láti Nsuta lọ sí Takoradi ló gbé apá ìwọ̀ oòrùn ró. Ọkọ̀ èrò Accra sí Tema padà lọ́dún 2010, àmọ́ ó tún dúró lẹ́yìn náà. Oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Tema lọ sí Mpakadan, nǹkan bíi 97 kìlómítà. Fífẹ̀ ni ìyẹn, ọkọ̀ àtijọ́ ò lè gbà á, kò sì dé ẹ̀gbẹ́ Makola.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí ọkọ̀ bá máa padà sí àárín Accra, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ tó rọjú yóò ran alágbàrù àti oníṣòwò kékeré lọ́wọ́, àmọ́ àwọn oníṣòwò kékeré kan náà ni ìsọ̀ wọn wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2025, iná jó Kantamanto. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òòlù ti ń dún níbẹ̀: àwọn ọlọ́jà ń kan ìsọ̀ wọn padà.