Ẹ Ka Àkọlé Ara Oúnjẹ Kí Ẹ Tó Rà Á

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà àti àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò le, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé tí a ti ń dáná. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ohun tí a kọ sára agolo, ìgò, páálí àti ọ̀rá tí a di oúnjẹ sí. Àkọlé ni èmi yóò máa pè é.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí ènìyàn bá ti gbé mì ti kúrò ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni wọn kì í fi í ra oúnjẹ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra gàrí a bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, a jù ú sẹ́nu, a sì mọ̀ bí ó bá kan tàbí bí kò bá gbẹ dáradára. Ẹni tí ó fẹ́ ra epo pupa a wo àwọ̀ rẹ̀, a sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀wà a wá kòkòrò nínú rẹ̀. Kóńgò ọlọ́jà wà ní gbangba. Bí olùrà bá fura pé wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ó lè sọ̀rọ̀ kí ó tó sanwó.

Lóde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ wa ni a ti dì pa kí ó tó dé orí àtẹ. A kò lè tọ́ mílíìkì inú agolo wò, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbọ́ òórùn òróró inú ìgò tí a dé pa. Ojú, imú àti ẹnu tí àwọn ìyá wa fi ń yẹ ọjà wò kò tó mọ́. Àkọlé nìkan ni ẹlẹ́rìí tí ó kù fún olùrà. Bí ẹlẹ́rìí yìí bá purọ́, tàbí bí ó bá ń sọ ohun tí kò yé olùrà, bí afọ́jú ni olùrà náà ṣe ń rajà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ là kedere.

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ìjọba ayé. Ní ọdún 1963, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àgbáyé àti Àjọ Ìlera Àgbáyé fìdí ìgbìmọ̀ kan múlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Codex Alimentarius, kí ó máa ṣe ìlànà nípa oúnjẹ tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè tẹ̀ lé. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 ni ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ láti máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Òfin béèrè pé kí àkọlé oúnjẹ tí a dì sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí: orúkọ oúnjẹ náà gan-an, àwọn ohun tí a pò pọ̀ láti fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ yóò parí, nọ́ńbà tí a fi mọ ìdìpọ̀ tí ó bá jáde, ọ̀nà tí a ó gbà tọ́jú rẹ̀, àti nọ́ńbà NAFDAC.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ nọ́ńbà NAFDAC dáradára. Láti ọdún 2001 títí di 2008 tí olóògbé Dora Akunyili fi ṣe olórí àjọ náà, a kéde nọ́ńbà yìí títí tí ọmọdé pàápàá fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí pé wíwá nọ́ńbà nìkan kò tó. Nọ́ńbà náà ń fi hàn pé a ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kò sọ fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ iye ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru iye iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Kò sì sọ fún ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ kò gba ẹ̀pà pé ẹ̀pà wà nínú bisikíìtì. Ibòmíràn lára àkọlé ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ hàn yín.

Ohun kìíní ni orúkọ. Agolo méjì lè jọra bí ìbejì lórí àtẹ, kí àwòrán màlúù wà lára méjèèjì, kí ó sì jẹ́ pé mílíìkì pọ́ńbélé ni ó wà nínú ọ̀kan, nígbà tí a ti fi òróró igi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì nínú èkejì. Àwòrán ọsàn lè wà lára páálí, síbẹ̀ kí oje ọsàn inú rẹ̀ má ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Lára èyí tí ó jẹ́ oje èso gan-an, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà ‘juice’. Lára èyí tí a fi omi àti ṣúgà lú, ẹ sábà máa rí ‘drink’. Àwòrán ń pe olùrà. Orúkọ ni ó ń sọ òtítọ́ fún un.

Ohun kejì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ‘ingredients’, èyí tí í ṣe àwọn ohun tí a pò pọ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé ohun tí ó wúwo jù ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ, kí a sì máa tò wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tí ó kéré jù. Bí ṣúgà bá ṣe èkíní tàbí èkejì, ẹ mọ̀ pé ṣúgà ni ẹ ń fi owó yín rà jù. Ṣúgà a sì máa pààrọ̀ orúkọ: ‘sucrose’, ‘glucose’, ‘fructose’ àti ‘syrup’, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ náà ni ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, ẹyin, edé tàbí mílíìkì gbọ́dọ̀ wò, nítorí pé ìwọ̀n díẹ̀ lè fa ewu ńlá fún un.

Ohun kẹta ni iye èròjà aṣaralóore, tí a máa ń tò sínú àpótí kékeré lẹ́yìn agolo. Ìṣirò díẹ̀ ni ó gbà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kọ ọ́ sára ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan pé gíráàmù 11 ṣúgà wà nínú mílílítà 100. Ẹni tí ó bá rí 11 lè rò pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mílílítà 500 ni ìgò náà gbà. Ìlọ́po márùn-ún 11 ni 55. Nǹkan bí gíráàmù 4 ni ṣíbí tíì kan ń gbà. Nítorí náà, ṣúgà inú ìgò kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí 14. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ rẹ̀ lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 50. Èwo nínú yín ni yóò bu ṣíbí 14 ṣúgà sínú ife tíì ọmọ rẹ̀? Síbẹ̀ a ń ra ìgò náà fún ọmọ nítorí pé a kò kà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iyọ̀. ‘Sodium’ ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ fi 2.5 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ẹ ó sì mọ iye iyọ̀. Mílígíráàmù 800 ‘sodium’ jẹ́ gíráàmù 2 iyọ̀. Iyọ̀ àgbàlagbà kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ rántí pé iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú ẹja inú agolo, ó sì pọ̀ nínú àwọn èròjà adùnbẹ̀ tí a ń fọ́ sínú ìkòkò. Ẹni tí ó bá ti fọ́ mẹ́ta sínú ọbẹ̀, tí ó tún bu iyọ̀ sí i, yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kì í ṣe ohun búburú nìkan ni àkọlé ń fi hàn. Láti nǹkan bí ọdún 1993 ni a ti ń béèrè pé kí a fi èròjà iodine sínú iyọ̀ jíjẹ ní Nàìjíríà. Àìtó èròjà yìí ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, òun náà ni ó sì ń pa ọpọlọ ọmọ lára láti inú oyún. Láti ọdún 2002, òfin tún béèrè pé kí a fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró, kí ojú àwọn ọmọ wa má baà bàjẹ́. Ẹ wá àmì ojú lára wọn. Ẹni tí kò mọ ìwé rárá lè dá àmì yẹn mọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí. Ọmú ìyá nìkan ni ó tó fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 1981, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìlànà kan pé agolo mílíìkì ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ sọ kedere pé ọmú ìyá ni ó dára jù, pé kò sì gbọdọ̀ ní àwòrán ìkókó lára. Bí oníṣègùn bá ní kí ẹ lo mílíìkì agolo, ẹ lo iye omi àti iye ṣíbí tí àkọlé bá sọ. Ẹni tí ó bá fi omi là á jù kí ó lè pẹ́ tán, ebi ni ó ń fún ọmọ rẹ̀ mu.

Mo yíjú sí ẹ̀yin ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ẹ ń tú mílíìkì, ògì inú páálí tàbí tíì oníkokó sínú ọ̀rá kékeré nítorí àwọn tí owó wọn kò ká odidi agolo. Mo mọ̀ pé àánú wà nínú rẹ̀, èrè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ bá ti kúrò nínú agolo rẹ̀, ẹlẹ́rìí ti lọ: kò sí ọjọ́, kò sí orúkọ, kò sí ẹni tí a lè mú. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ pa agolo rẹ̀ mọ́ sórí àtẹ, kí ẹ sì fi ọjọ́ ara rẹ̀ han olùrà. Ní ti ẹni tí ó ń fi abẹ ha ọjọ́ kúrò lára agolo, tàbí tí ó ń lẹ ọjọ́ tuntun bo ti àtijọ́, ọ̀daràn ni níwájú òfin, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ yín bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kúlíkúlì, zóbò, búrẹ́dì tàbí gàrí tí ẹ sì ń dì í tà, àkọlé tí ó pé kì í ṣe ìnira fún yín. Orúkọ rere yín ni yóò gbé dé ibi tí ẹsẹ̀ yín kò lè dé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò gbọdọ̀ fò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin béèrè pé kí a fi kọ àkọlé, bí a tilẹ̀ lè fi èdè mìíràn kún un. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Owó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí owó ọ̀mọ̀wé. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2019 sọ pé èdè tí ó rọrùn láti yé ènìyàn ni kí a máa fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Chile, láti ọdún 2016, oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ bá pọ̀ jù gbọ́dọ̀ ní àmì dúdú onígun mẹ́jọ níwájú páálí rẹ̀, tí ọmọdé lè rí láti òkèèrè. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń tà fún wa ronú sí èyí: bí wọ́n bá lè fi Yorùbá kéde ọjà wọn lórí rédíò, wọ́n lè fi Yorùbá kọ gbólóhùn mẹ́ta sára agolo rẹ̀.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kà á fún àwọn òbí wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi àkọlé kọ́ wọn ní ìṣirò. Bí ẹ bá sì rí oúnjẹ tí àkókò rẹ̀ ti kọjá tàbí tí àkọlé rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ tọ́jú agolo àti ìwé owó rẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní ìpínlẹ̀ yín tàbí kí ẹ fi han wolé-wolé. Ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rí kì í lọ jìnnà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí owó tí a ń san láti ka àkọlé, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí olùrà bá ń ka àkọlé, olùtà yóò ṣọ́ra, ẹni tí ó ń ṣe oúnjẹ náà yóò sì sọ òtítọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oúnjẹ wa máa ṣe ara wa lóore.