Àṣẹ Tí Kò Ṣeé Yẹ̀: Bí A Ṣe Ń Pààlà fún Iṣẹ́ Ohùn Nínú Fóònù

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀ka tó ń bójú tó ohùn nínú fóònù kò gbọdọ̀ ní àṣẹ tó ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ.

Oríṣi àṣẹ méjì ló wà nínú ẹ̀rọ. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó ni fáìlì ló ń sọ ẹni tó lè kà á. Ọ̀gá pátápátá, tí à ń pè ní root, kò sì sí ohun tí kò lè ṣe. Bí ọlọ́ṣà bá gba ipò root, ó parí. Nínú oríṣi kejì, òfin kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú, kernel tó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ ló ń mú un ṣẹ, root fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí òfin náà kò bá fàyè gbà, èèwọ̀ ni. Irú òfin yìí ni SELinux, tí àjọ NSA ti Amẹ́ríkà gbé síta ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Android 4.3 gbà á wọlé ní 2013, ṣùgbọ́n ó kàn ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìgbà tí Android 5.0 dé ní 2014 ló tó ń ká gbogbo ẹ̀ka lọ́wọ́ kò.

Síbẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 2015, Joshua Drake ti ilé-iṣẹ́ Zimperium fi hàn pé àlèébù wà nínú Stagefright, ìyẹn kóòdù tí Android fi ń ka fídíò àti orin. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni ọlọ́ṣà nílò. Ó lè fi fídíò onímájèlé ránṣẹ́, kí ó sì ti wọlé kí onífóònù tó fọwọ́ kàn án. Zimperium fojú bù ú pé nǹkan bí 950 mílíọ̀nù fóònù ló wà nínú ewu.

Níbo wá ni SELinux wà? Lórí àwọn fóònù tó ní i, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n kọ fún mediaserver, ẹ̀ka tí Stagefright ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ló fẹ̀ jù. Mediaserver nìkan ló ń tú fídíò, òun ló ń darí kámẹ́rà, òun ló ń gba ohùn, ó sì tún lè lo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri kóòdù tí kò ní lanu lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè tiwa ni pé: bí aláǹgbá bá wọlé tán, yàrá mélòó ni yóò dé?

Android 7.0, tó jáde ní 2016, ló dáhùn. Wọ́n fọ́ mediaserver sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Audioserver gba ohùn, cameraserver gba kámẹ́rà. Mediaextractor, tó ń tú fáìlì tó ti ìta wá, kò gba ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n tún fi òfin tí wọ́n ń pè ní neverallow dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ audioserver. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ àṣẹ tó tako neverallow, àkójọ òfin náà kò ní kọ́ jáde rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún iṣẹ́ ohùn tiyín, ẹ kọ́kọ́ fún ètò tó ń ṣe é ní àmì tirẹ̀ tí SELinux yóò fi dá a mọ̀, kí ẹ sì rí i pé àwọn ẹ̀rọ ohùn tó wà lábẹ́ /dev/snd ní àmì tiwọn. Ẹ fi ẹ̀ka yẹn nìkan sí ipò permissive, níbi tí SELinux ti kàn ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ láìdá a dúró. Ẹ fi fóònù náà gbé orin jáde, ẹ gba ohùn sílẹ̀, ẹ ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn etí (earphone) bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo ìlà tó ní «avc: denied» nínú àkọsílẹ̀: ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sọ ẹni tó béèrè, ohun tó béèrè àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín bóyá ohùn nílò rẹ̀ lóòótọ́; èyí tó bá nílò nìkan ni kí ẹ kọ àṣẹ fún. Irinṣẹ́ audit2allow lè sọ gbogbo ìkọ̀sílẹ̀ di àṣẹ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí iṣẹ́ nílò yàtọ̀ sí àṣejù. Ẹ̀yin ni kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tán ni kí ẹ dá ẹ̀ka náà padà sábẹ́ òfin.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ẹnjiníà ló jẹ́ pé, bí ohùn bá kọ̀ tí kò jáde, setenforce 0, tó ń sọ gbogbo ẹ̀rọ di permissive, ni wọ́n máa tẹ̀. Ohùn á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ka tó kù nínú ẹ̀rọ náà ti bọ́ sí ìta gbangba nítorí ẹyọ kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wá ìlà òfin kan ṣoṣo tó kù, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń lo fóònù, ẹ má kọ àtúnṣe tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, torí inú rẹ̀ ni irú òfin wọ̀nyí máa ń bá wá.