Ọjọ́ Ìtajà Kì í Ṣe Ọjọ́ Ìnáwó

(Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ ìtajà tí àwọn ará wa tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́ ṣe. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ń ṣe sálúbàtà, èkejì ń rán aṣọ iṣẹ́, àwọn ìyá méjì ń din ìpékeré. Owó tí wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn dúró ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣòfò, kò sí owó oṣù tó ń bọ̀ tí yóò dí i.

Àwa Yorùbá mọ ayẹyẹ í ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ẹnì kan bá ti ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọkàn wa á ti lọ sórí kánópì, onílù, ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ìnáwó là ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Awakọ̀ kan tó fẹ̀yìn tì ṣí ṣọ́ọ̀bù táyà, ó pa ẹran, ó pe olórin. Àwọn èèyàn jẹ, wọ́n jó, wọ́n ṣàdúrà fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó tí yóò fi ra táyà kò sí mọ́.

Ẹ mú kálámù. Ká ní oní-sálúbàtà ń jèrè ₦1,500 lórí bàtà kan. Bí ó bá ná ₦90,000 lọ́jọ́ náà, bàtà 60 ni yóò kọ́kọ́ tà kó tó padà sí ibi tó wà láàárọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 kò ju ₦70,000 lọ, ẹ wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ná ₦15,000, bàtà 10 ti tó. Ìṣirò yìí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó bá oníkánópì sọ̀rọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ kò ní kọjá sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ẹ ó lò kò le. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wà, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ẹgbẹ́, òjò kò sì lè lé yín níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò kò ní fi bẹ́ǹṣì dù yín bí ẹ bá tètè béèrè.

Ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Sátidé, gbogbo ayé ti lọ sí òwàm̀bẹ̀. Àárín oṣù, àpò gbẹ. Mo fara mọ́ ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé, láti aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn ti àárọ̀ ń jáde tí àwọn ti ọ̀sán ń wọlé. Èrò méjì á gba ẹnu ọ̀nà kan náà kọjá. Àwọn kan dábàá Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, 1 May. Láti 1981 ló ti jẹ́ ọlidé jákèjádò Nàìjíríà, èrò sì máa ń pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn la máa ń yan, tí a ń sọ ohun tí à ń jà fún. N kò fẹ́ kí a fi ìpékeré dí i lẹ́nu.

Ní ti ìpolówó, ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni rédíò wa. Ẹni tó ń pe èrò láti àárọ̀ dalẹ́ lè fi gbólóhùn kan kún un. Ìwé ńkọ́? Ẹ kọ ìpolówó kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin sórí bébà kan, ẹ ṣe ẹ̀dà 100, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e: ìwé 400 nìyẹn. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń tà, iye rẹ̀, ibẹ̀, ọjọ́, aago àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ má kọ pé “ẹ ó rí ìyanu”. Ẹni tí iṣẹ́ ti dá lágara kò ní yà wo ìyanu, ṣùgbọ́n yóò yà wo sálúbàtà tó ti mọ iye rẹ̀. Ìwé yìí náà ni kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tàbí òpó iná. Ní Èkó níbí, LASAA ló ń bójú tó ìpolówó ìta, owó ìtanràn wọn lè gbé èrè yín lọ.

Ẹ̀yin ìyá onípékeré, ẹ din tiyín níbẹ̀ kó gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ máa dì í sínú ọ̀rá olórúkọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà NAFDAC lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá.

Kí ẹni méjì gbowó, kí ẹnì kẹta kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ṣéńjì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí oníbàárà bá ní òun ti fowó ránṣẹ́ láti báǹkì, fóònù tiyín ni kí ẹ wò, kì í ṣe tirẹ̀; alẹ́ẹ̀tì èké ti pọ̀ nígboro. Kí ẹnì kan sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, kó máa bi wọ́n: orúkọ, nọ́ńbà, níbo lẹ ti gbọ́? Ìdáhùn kẹta yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó náwó sí nígbà mìíràn.

Tábìlì mẹ́jọ ni gbọ̀ngàn gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan, kó fún akọ̀wé lórúkọ kí ìpàdé yìí tó túká. Àwọn tí wọ́n dá dúró la ó kọ́kọ́ fún. Àwa tí a ṣì ń gba owó oṣù, ẹ jẹ́ ká tò sẹ́yìn wọn.