Bí Tẹlifíṣọ̀n inú Ọkọ̀ Bá Ń Jó Fíúsì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá kan àwọn awakọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé iná tí ó bá sọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ awakọ̀ yàtọ̀ sí èrò.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, àpótí ńlá ni, inú yàrá ni ó sì ń gbé. Lónìí ó ti wọ inú ọkọ̀. Àwọn kan fi ń wo fíìmù; nínú ọkọ̀ mìíràn, òun náà ni ó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ han awakọ̀ nígbà tí ó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, kí ó má baà tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Ti fíìmù wíwò lójú ọ̀nà, èmi kò fi ọwọ́ sí i fún awakọ̀ rárá. Kí èrò ẹ̀yìn máa wò ó.

Ohun kan tí ó sábà máa ń pa irinṣẹ́ yìí kò ju èyí lọ: bátìrì ọkọ̀ kú, a fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí i, ẹnì kan nínú òkùnkùn sì fi wáyà pọ́sítífù sí ojú nẹ́gétífù. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Wọn yóò wí fún olówó ọkọ̀ pé kí ó lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó bàjẹ́ lè má tó ìka ọwọ́.

Dáyóòdù ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí a máa fi í sí ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé. Apá kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ kí iná gbà kọjá. Bí iná bá wọlé bí ó ti yẹ, dáyóòdù sé ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Bí iná bá dorí kodò wọlé, yóò ṣí, yóò gba gbogbo agbára náà sí ara rẹ̀, fíúsì yóò sì jó lójú ẹsẹ̀. Láyé àtijọ́, abọ́bakú a máa bá ọba kú. Èyí a máa kú kí ọba má baà kú. Lẹ́yìn náà kò ní lè sé ọ̀nà mọ́, iná yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá síwá sẹ́yìn.

Àmì rẹ̀ ni pé bí ẹ ti ń fi fíúsì tuntun sí i ni ó ń jó. Níhìn-ín ni ewu wà. Àwọn kan a máa wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ fíúsì, tàbí kí wọ́n fi wáyà nípọn dípò rẹ̀. Iná tí ìbá jó fíúsì yóò wá jó wáyà, wáyà yóò sì jó ọkọ̀. Fíúsì pupa jẹ́ áńpù 10, aláwọ̀ búlúù 15, aláwọ̀ ìyeyè 20. Iye tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ dá padà.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ bi olówó ọkọ̀ bóyá irinṣẹ́ náà ní nọ́ńbà àṣírí, nítorí pé òmíràn a máa béèrè rẹ̀ bí a bá ti yọ bátìrì. Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ wáyà nẹ́gétífù lórí bátìrì, kí ẹ sì fa irinṣẹ́ náà jáde. Nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a rà lọ́jà, wáyà ìyeyè ni iná rẹ̀ kì í kú, pupa ń gba iná láti ibi kọ́kọ́rọ́, dúdú sì so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan ojú wáyà ìyeyè, lẹ́yìn fíúsì, ní apá ti pánẹ́ẹ̀lì. Kí ẹ fi èkejì kan dúdú. Bí ó bá fi òdo hàn, tí ẹ yí ẹnu mítà padà tí ó ṣì jẹ́ òdo, nǹkan kan ti so pọ̀ nínú.

Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ tọ wáyà ìyeyè lọ sórí pánẹ́ẹ̀lì. Dáyóòdù dúdú, ó rí roboto bí gègé kékeré, ó sì ní ìlà fàdákà ní ìdí kan. Ẹ má yára dá a lẹ́bi. Ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nínú òjé, kí ẹ tún un wọ̀n. Èyí tí ara rẹ̀ le yóò fi bí ìdajì fólítì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ hàn ní apá kan, kò ní fi nǹkan kan hàn ní apá kejì. Bí ó bá ṣì jẹ́ òdo síwá sẹ́yìn, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí òun bá le, tí pánẹ́ẹ̀lì sì ń fi òdo hàn síbẹ̀, ohun mìíràn ni; ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi ra òmíràn. 1N5404, fún àpẹẹrẹ, lè gbé áńpù 3, ó sì lè fara da fólítì 400. Apá ìyeyè ni kí ìlà fàdákà kọjú sí. Bí ẹ bá yí i padà, fíúsì yóò tún jó. Bí ẹ bá sì rí kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: kí iye máíkírófárádì rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kí fólítì rẹ̀ má sì dín.

Kí ẹ tó fi fíúsì sí i, ẹ fi gílóòbù bíréèkì ọkọ̀, ti fólítì 12, sí àárín bátìrì àti wáyà ìyeyè, kí ẹ so wáyà dúdú padà, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì tan irinṣẹ́ náà. Bí gílóòbù bá tàn yòò, ohun tí ó so pọ̀ ṣì wà nínú. Bí kò bá tàn, tàbí tí ó tàn fírí tí ó sì kú, ẹ yọ gílóòbù, ẹ fi fíúsì tòótọ́ sí i, kí ẹ wá tan tẹlifíṣọ̀n yín.