Àárò Ìlú tí Òkun Gbé Lọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a gbé wá síwájú yín: kí ni kí Kristẹni fi àárò ohun tí ó ti lọ ṣe?

Ní 1935, Stanley Weinbaum, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tí a ń pè ní Pygmalion's Spectacles. Nínú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe awò ojú kan. Ẹni tí ó bá fi í sójú yóò rí ilẹ̀ ẹlẹ́wà, yóò gbọ́ ohùn, yóò sì gbọ́ òórùn òdòdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dán an wò, ìfẹ́ wúńdíá tí ó rí níbẹ̀ sì gbà á lọ́kàn. Lónìí, irú awò bẹ́ẹ̀ ti di ọjà títà.

Bí a bá gbé e dé Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ, kí ni àwọn àgbà yóò fẹ́ rí? Àwọn ilé tí òkun ti gbé lọ ni, àti iná mànàmáná tí ó tàn níbẹ̀ ní 1953. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò fẹ́ràn ilé rẹ̀ ni àárò kì í sọ.

Ṣùgbọ́n àárò a máa ṣa ohun tí yóò fi hàn. Yóò fi oúnjẹ tí a jọ jẹ hàn; ǹjẹ́ yóò fi hàn pé ní ìgbà kan, apá ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin ń gbé, apá ọ̀tọ̀ sì ni obìnrin? Ní 1968, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ààyè gba olúkúlùkù láti máa ṣòwò tirẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947 pẹ̀lú ní ìfẹ́ ọkàn: láti gbé bí ìjọ àkọ́kọ́ nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, kí àpò gbogbo ìlú jẹ́ ọ̀kan. Wọn kò jókòó wò ó bí ìran. Wọ́n ri òpó mọ́ inú irà, wọ́n sì kọ́lé lé e.

Nínú ìtàn Weinbaum, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti bọ́ awò ni ó tó mọ̀ pé wúńdíá náà wà láàyè: ọmọ ẹbí ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ayétòrò. Ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ wọn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a sì bá àwọn ọmọ wọn bẹ ìjọba fún odi tí yóò dá omi dúró. Àárò tí kò bá di iṣẹ́, òkun yóò gbé òun náà lọ.