Ohun Tí Ó Bá Ojú Ti Bá Imú: Ìtọ́jú Ẹni Tí A Ti Yọ Ọlọ Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ẹ̀yà ara kan tí kì í sábà jáde lẹ́nu wa. A máa ń sọ pé inú ẹnì kan dùn, pé ó láyà, pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń dárúkọ ọlọ inú? Dókítà tí a kọ ṣíwájú orúkọ mi, ti ìmọ̀ èdè ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí ènìyàn kò bá mọ orúkọ ohun tí a yọ kúrò lára rẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ fún oníṣègùn mìíràn pé kò sí níbẹ̀ mọ́?

Ọlọ inú jẹ́ ẹ̀yà ara rírọ̀ kan tí ó tó ìkúùkù àgbàlagbà, tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fi asẹ́ sẹ́ ògì: ó ń mú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti gbó kúrò, àti èyí tí kòkòrò ibà ti wọ̀. Ó tún ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àwọn kòkòrò kan jà, pàápàá àwọn tí ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn.

Kí ni ó ń mú kí a yọ ọ́? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ilẹ̀ Òkun níbí, ènìyàn lè já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí kí ọ̀kadà gbé e ṣubú ní ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, kí ọlọ inú ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú ikùn. Ibà tí ó ń padà wá fún ọdún púpọ̀ lè mú kí ó wú rékọjá ààlà. Àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde lè mú kí ó fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé mọ́ra lójijì. Nígbà náà, yíyọ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1952, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, King àti Shumacker, kọ̀wé nípa ọmọ ọwọ́ 5 tí àrùn líle kọlù lẹ́yìn tí a ti yọ ọlọ inú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti túbọ̀ ń kíyè sí i pé bí ojú abẹ bá tilẹ̀ jiná, ewu kò tíì tán. Ọdún 2 àkọ́kọ́ ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n títí ọjọ́ alẹ́ ni ó ń bá ènìyàn gbé.

Bí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá ti wà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Ẹ jẹ́ kí á mú àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa fa ìjìná egbò sẹ́yìn, a sì máa sọ agbára ara láti jagun di ahẹrẹpẹ. Bí àrùn bá ti ibẹ̀ wọlé, àrùn náà yóò tún gbé ṣúgà ga sí i. Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ń ti ara wọn lẹ́yìn? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó ń ra oògùn ìrora lẹ́bàá ọ̀nà nítorí ojú abẹ, àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru náà le sí i, kí wọ́n sì ṣe kíndìnrín rẹ̀ léṣe. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì a máa pọ̀ sí i. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti ní àrùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan tí ó lọ síbẹ̀. Ní ti fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jẹ́ SS ni ọlọ inú wọn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún 5, láìjẹ́ pé abẹ kàn wọ́n. Ewu kan náà ni ó wà lórí wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé. Bí ara ẹnì kan bá gbóná, kí ni a ń sọ? “Ibà ni.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń bo gbogbo ara gbígbóná, tí a bá sì ti sọ ọ́ tán, ìbéèrè ti parí; ó ku kí a ra oògùn ibà, kí a sì máa wò ó títí di ọ̀la. Lára ẹni tí kò ní ọlọ inú, ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, irú èyí tí ń yára le. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó lè pa á láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọ̀la tí a ń retí lè má bá a láàyè. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn tún wà níbẹ̀. Kí á tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, Ìlọrin ni olú ìlú wa, ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni ó sì ṣì ń lọ síbẹ̀ fún ìtọ́jú títí di òní. Ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja, kí ó máa gba oògùn àtọ̀gbẹ ní Kàbà, kí ara rẹ̀ sì gbóná ní abúlé kan ní Bùnú. Bí kò bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò so ọ̀rọ̀ náà pọ̀?

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé. Èkíní, abẹ́rẹ́ àjẹsára: bí a bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti pàjáwìrì, láti ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, kí á máa lo pẹnisílíìnì àti oògùn ìdènà ibà bí dókítà bá ti là á sílẹ̀, kí á má sì sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta, kí aláìsàn máa mú káàdì kan rìn, tí a kọ ọ́ sí pé a ti yọ ọlọ inú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àìsàn mìíràn tí ó ní. Ẹ̀kẹrin kàn yín, ẹ̀yin olùkọ́: ẹ mọ ọmọ tí ó wà ní irú ipò yìí nínú kíláàsì yín, bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má ṣe ní kí ó gbórí lé tábìlì títí agogo yóò fi lù.

Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú.