A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Nípa Owó Àjùmọ̀ní

Ọ̀rọ̀ owó ni a mú wá síwájú yín ní alẹ́ yìí. Kì í ṣe ti bí a ti í rí i, bí kò ṣe ti ẹni tí ó yẹ kí ó pinnu ohun tí a ó fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kan tálákà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọlọ́rọ̀, nítorí ibi tí a bá gbé owó sí ni iṣẹ́ ti í hù, ibi tí a kò bá sì gbé e sí a di ahoro.

Ẹ jẹ́ kí a fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ, òun tí ó rán púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn kì yóò bá ara wọn du kòkó mọ́. Èrè ara wọn ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ fún wọn. Fún oṣù púpọ̀ ni wọn kò ta kòkó.

Ní 1947, ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà a máa dá iye tí a ó san fún àgbẹ̀. Bí ọjà òkèèrè bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kó ìyókù pamọ́ de ìgbà tí ọjà yóò wálẹ̀. Ète náà dára. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, a sì fi púpọ̀ nínú owó náà ṣe iṣẹ́ ìlú. Owó kòkó ni ó kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí a parí ní 1965. Àwa kò wí pé a fi owó náà ṣòfò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó roko, tí ó ká kòkó, tí ó fọ́ ọ, tí ó sì sá a, nígbà wo ni a pè é pé kí ó wá fi ohùn sí i? Ní 1968 àti 1969 ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí tí ó wúwo àti iye kòkó tí ó kéré. Ní 1986, ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká.

Ẹ kíyèsí i: oníṣòwò wo èrè tirẹ̀; ìjọba ní òun mọ ohun tí ó dára. Àwọn méjèèjì fá orí lẹ́yìn olórí.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 28 fi pọ́n-ùn 28 ṣí ìsọ̀ kan. Òfin wọn ni pé ohùn kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe pé owó rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré. Irú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1935.

Àwọn kan yóò wí pé, “Àwọn púpọ̀ kò mọ ìwé, wọn yóò ba nǹkan jẹ́.” Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Nígbà tí a ráhùn nípa ìpín àwọn opó, àwọn Àpọ́sítélì kò dá a ṣe. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje. Ọ̀mọ̀wé wúlò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ máa lọ sí ìpàdé, ẹ máa bèèrè ìṣirò, ẹ má sì ṣe tijú láti sọ pé, “Ẹ tún un kà, kò yé wa.” Ẹni tí kò bèèrè bí a ti ná owó rẹ̀, òun náà yóò jíhìn. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti ṣọ́ ohun tí ó fi sí ìkáwọ́ wa.